Ọ̀pá mẹ́rin lójú fóònù, síbẹ̀ àwòrán ò lọ

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Apẹ̀tẹ̀ n'Ìbàdàn níbí ni mò ń gbé, aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà, orí WhatsApp ni mo sì ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń fojú mi rí màbo. Ọ̀pá mẹ́rin á wà lójú fóònù mi, àwòrán kan ṣoṣo á máa yí fún ogún ìṣẹ́jú, kò ní lọ, pàápàá lálẹ́. Tí mo bá wọ yàrá, ìpè á máa já. Àwọn oníbàárà á ní nọ́ńbà mi ò lọ, bẹ́ẹ̀ fóònù wà lọ́wọ́ mi. Dátà 10GB tí mo máa ń lò fún odidi oṣù kan tẹ́lẹ̀ kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Ọmọ àbúrò mi ní kí n ra booster, ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágbára, ẹlòmíràn ní kí n gbé nọ́ńbà mi lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń jà wá lólè báyìí?"

Ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìfaradà. Wàhálà mẹ́rin lẹ dì sínú ẹrù kan yìí: àwòrán tí kì í lọ lálẹ́, ìpè tó ń já nínú yàrá, nọ́ńbà tí wọ́n ní kò lọ, àti dátà tó ń yára tán. Ibi tí kálukú wọn ti ń wá yàtọ̀, oògùn ọ̀kan kì í sì í ran èkejì. Ohun tó ń jẹ́ káwọn èèyàn náwó lásán lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Máàsìtì ló kún, wọ́n lọ ra fóònù tuntun. Ògiri ilé ló dí wọn lọ́wọ́, wọ́n gbé nọ́ńbà lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ògiri kan náà tún pàdé wọn níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ èyí tó ń ṣe yín gan-an kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ lápò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀pá mẹ́rin yẹn, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pá ń sọ: bí ohùn máàsìtì ṣe ń dún ketekete tó létí fóònù yín. Kò sọ iye èèyàn tó ti wà lórí máàsìtì náà, kò sì sọ bóyá ọ̀nà tó wà lẹ́yìn máàsìtì ṣí tàbí ó dí. Ẹ wo ẹni tó dúró ní Sángo ní aago méje alẹ́, tó ń retí Micra tó máa gbé e lọ sí Apẹ̀tẹ̀. Ó ń rí ọkọ̀ náà kedere, iná iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, ṣùgbọ́n èèyàn ti kún inú rẹ̀ bámúbámú. Rírí ọkọ̀ kọ́ ni wíwọ ọkọ̀. Ọ̀pá mẹ́rin ni rírí yẹn. Àyè ìjókòó ni fóònù ò fi hàn yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bó ṣe wu ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló ṣe ń ya ọ̀pá. Ọ̀pá mẹ́rin lójú fóònù yín lè jẹ́ ọ̀pá méjì lójú fóònù aládùúgbò yín, bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ló ń wọlé sí méjèèjì.

Nọ́ńbà tó ṣeé gbára lé wà nínú fóònù náà. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí About phone, ẹ tẹ Status, lẹ́yìn náà SIM status, ẹ ó rí Signal strength níbẹ̀. Lórí iPhone, ẹ tẹ *3001#12345#* bí ìgbà tí ẹ fẹ́ pe èèyàn, kí ẹ sì tẹ ìpè. Nọ́ńbà tó ní àmì àyọkúrò níwájú, tó ní dBm lẹ́yìn, ni ẹ̀ ń wá. Bó bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló ṣe dára tó. Lórí 4G, -80 sí -90 dára gan-an, -100 ṣì ṣeé lò, àmọ́ tó bá ti kọjá -110 tó ń lọ sí -120, ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ àárín nọ́ńbà wọ̀nyí o. Mẹ́wàá tó bá lọ sílẹ̀, agbára rẹ̀ ti dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ká ní ẹnu ọ̀nà yín jẹ́ -92, tí yàrá sì jẹ́ -112, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló wọ yàrá. Ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ rìn káàkiri ilé, láti ojúde dé pálọ̀, dé yàrá, dé kíṣìnì. Ẹ dúró tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú níbì kọ̀ọ̀kan, torí nọ́ńbà náà kì í yí lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Wàyí o, àwòrán tí kì í lọ lálẹ́. Tí nọ́ńbà yín bá dára níbi tí ẹ jókòó sí, tó jẹ́ pé nǹkan ń lọ geere ní aago márùn-ún ìdájí, tó sì jẹ́ pé láti nǹkan bí aago méje títí di mọ́kànlá alẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń dì, èrò ló kún. Eríàlì ara máàsìtì sábà máa ń kọjú sí ọ̀nà mẹ́ta, gbogbo ilé tó wà lápá kan ló sì ń pín ohun tí eríàlì apá yẹn ní. Ojú ọ̀nà 4G kan tó fẹ̀ tó 20MHz, tó sì ń lo eríàlì méjì, 150Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí dátà ṣe ń yára tó) ni òpin rẹ̀ lórí ìwé, kì í sì í dé ibẹ̀ lójú ayé. Ẹ pín in fún igba èèyàn tó ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní tó 1Mbps fún ẹnì kan. Àdúgbò yín tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: Apẹ̀tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Poly Ìbàdàn ń gbé, ilé tuntun sì ń hù láti ibẹ̀ títí lọ sápá Àkùfọ̀, bẹ́ẹ̀ máàsìtì kì í hù bí ilé. Ẹ ní oṣù mẹ́rin. Ẹ wò ó bóyá ó bá ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé mu.

Ohun kan tún wà nípa fífi nǹkan ránṣẹ́ tí àwọn èèyàn kì í mọ̀. Máàsìtì ní agbára púpọ̀ láti fi ké sí fóònù yín. Fóònù ò ní tó bẹ́ẹ̀ láti fi dáhùn. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì kan, ìyẹn 0.2, ni fóònù 4G lè fi sọ̀rọ̀ padà, nígbà tí ti máàsìtì ń lọ sí ogójì wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí fídíò ẹlòmíràn fi lè máa wọlé sórí fóònù yín, tí àwòrán tiyín ò sì ní jáde. Ẹ̀yin ń gbọ́ máàsìtì, máàsìtì ni kò gbọ́ yín dáadáa láàárín ariwo gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sí i. Bí ẹ bá dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ bọ́ sí ẹgbẹ́ wíńdò tó kọjú sí máàsìtì, àwòrán tó ti ń yí láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún lè lọ sí Preferred network type nínú Settings, kí ẹ fi í sí 3G fún ìgbà díẹ̀ lálẹ́. Nígbà mìíràn, gbogbo èèyàn ti rọ́ lọ sórí 4G, 3G á ṣófo. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní ran yín lọ́wọ́ rárá, ẹ sì lè dá a padà. Ní ti àwòrán ọjà, ẹ má fi í ránṣẹ́ ní HD àfi tí oníbàárà bá béèrè. Àwòrán WhatsApp lásán, nǹkan bí 300KB ni, íntánẹ́ẹ̀tì tó bá lè gbé 1Mbps jáde á fi í ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹ kó àwọn àwòrán tuntun jọ, kí ẹ máa gbé wọn sí Status ní ìdájí tí ọ̀nà ṣófo.

Ní ti ìpè tó ń já tí ẹ bá wọ yàrá, èrò kọ́, ilé ni. Tí wọ́n bá ń ṣe òde àríyá ní àdúgbò kejì, dídún bẹ̀mbẹ́ lẹ máa ń gbọ́ nínú ilé, ẹ kì í gbọ́ agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ṣe rí nìyẹn. Ìgbì tó wà nísàlẹ̀, bíi 700, 800 àti 900MHz, máa ń rìn jìnnà, ó sì ń gba ara ògiri kọjá. Èyí tó wà lókè, 1800, 2100 àti 2600MHz, ló ń gbé dátà púpọ̀, àmọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ti tó láti pa á. Páánù ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, torí irin ni, kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá rárá. Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ògiri àti wíńdò nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbà wọlé, tí àwọ̀n irin àti bọgulárì sì tún bo wíńdò náà, yàrá tó wà láàárín ilé á ṣókùnkùn. Ẹ tún wo bí ilẹ̀ Ìbàdàn ṣe rí: òkè àti àfonífojì ni láti Mápó dé Mọ́kọ́lá, apá ọ̀dọ̀ yín náà sì ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí odò. Ilé méjì tí kò ju ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ lọ síra wọn, èyí tó wà lórí òkè á máa wo máàsìtì lójú korojú, èyí tó wà nísàlẹ̀, òkè ti fara bo máàsìtì mọ́ ọn lójú. Aládùúgbò yín tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà dára fún òun kì í ṣe òpùrọ́ o.

Ẹ tún máa wo àmì tó wà lókè fóònù nígbà tí ìpè bá bẹ̀rẹ̀. Tí 4G bá yí padà di H tàbí E, ó túmọ̀ sí pé fóònù yín kò lo VoLTE, ìyẹn ìpè tó ń gba orí 4G, ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Ibi ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni ìpè ti sábà máa ń já, àkókò yẹn náà sì ni àwòrán tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ń dúró. Ẹ wá VoLTE tàbí 4G Calling lábẹ́ ètò síìmù nínú Settings, kí ẹ tàn án. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ní in, àwọn mìíràn ní in ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ síìmù kò tíì gba irú fóònù bẹ́ẹ̀ wọlé. Tó bá wà, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

"Nọ́ńbà yín ò lọ" ní ìdí tó ju ẹyọ kan lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wá fóònù yín síbi tó ti rí i gbẹ̀yìn. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, fóònù ò ní gbọ́, wọ́n á sì sọ fún oníbàárà pé ẹ ti pa á. Tó bá jẹ́ fóònù onísíìmù méjì ni tiyín, púpọ̀ nínú wọn kì í lè gbọ́ síìmù kejì nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí èkínní. Bí ẹ bá fi ogún ìṣẹ́jú bá oníbàárà kan ná ọjà, gbogbo ẹni tó bá pe nọ́ńbà kejì láàárín ìgbà yẹn, òfo ni. Ẹ lè dí ihò yìí: ẹ tẹ **62*, kí ẹ fi nọ́ńbà kejì yín tẹ̀ lé e, kí ẹ fi # parí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ìpè. Láti ìgbà náà, tí wọn ò bá rí nọ́ńbà àkọ́kọ́, ìpè á yà sí èkejì. ##62# ló ń pa á. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa san owó ìpè tó yà náà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pè ni àléébù wà. Ẹ ní kí ẹni mẹ́ta tó ń lo ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pè yín ní wákàtí kan náà kí ẹ tó dá ẹ̀bi.

Ẹ̀yìn máàsìtì ní tirẹ̀, ibẹ̀ sì lojú oníbàárà kì í tó. Máàsìtì gbọ́dọ̀ jẹ iná, kó sì ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yín máa gbà dé ibi tó ń lọ. Iná IBEDC ò tó o jẹ, torí náà bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbé e ró. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá pẹ́ kó tó dé, tàbí tí àwọn olè bá ti tú bátìrì lọ, wákàtí díẹ̀ ni, máàsìtì á kú, fóònù yín á sì lọ rọ̀ mọ́ èyí tó jìnnà. Àmì rẹ̀ ni pé ọ̀pá mẹ́rin di ọ̀kan lójijì, tàbí gbogbo rẹ̀ pòórá, nígbà púpọ̀ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ méjì, mẹ́ta ló jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Púpọ̀ nínú òpó tí ẹ ń rí nígboro, àwọn ilé-iṣẹ́ bí IHS àti ATC ló ni ín, wọ́n sì ń fi àyè orí rẹ̀ háyà fún àwọn tó ń ta síìmù. Òpó kan náà lè ru ilé-iṣẹ́ mẹ́ta.

Ní ti ọ̀nà, ẹ wo ara òpó yẹn dáadáa, ẹ ó rí ohun funfun roboto bí ojú ìlù. Òun ló ń tan ọ̀rọ̀ yín láti orí òpó kan sí èkejì, ìgbì tó ń lò sì ga débi pé òjò ńlá lè dí i. Ẹni tó bá rí i pé òjò alágbára ń ba íntánẹ́ẹ̀tì òun jẹ́, tí ọ̀pá ò sì dín kù, ibẹ̀ ni kó fura sí. Àwọn máàsìtì mìíràn ń lo wáyà fáíbà tó gba abẹ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ agbélẹ̀ àwọn tó ń fẹ ojú ọ̀nà sì máa ń gé e. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó ka irú nǹkan báwọ̀nyí sí dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bà jẹ́, àmọ́ àṣẹ ò ní kó má ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ibi tó bàjẹ́ jìnnà sí Ìbàdàn pátápátá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lápá Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí irú rẹ̀ bá tún wáyé, ẹ ó mọ̀ ọ́n: ìpè lásán á ṣì máa lọ, íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló máa dì, lórí ilé-iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ. Yíyí síìmù padà lọ́jọ́ náà, òógùn lásán ni.

Ẹ bi mí bóyá olè ni. Ẹ jẹ́ kí n pín in sí méjì. Owó tó ń lọ lọ́wọ́ yín pọ̀ sí i lóòótọ́: ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ yìí, fún wọn láṣẹ láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ó dun èèyàn, pàápàá nígbà tí iṣẹ́ ò tíì bá owó mu. Ṣùgbọ́n 10GB tó ń tán ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ́kọ́ yẹ fóònù wò. Ẹ wọ Data usage nínú Settings, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà bá ọjọ́ tí ẹ ra dátà mu, áàpù tó jẹ ẹ́ jù á wà lókè pátápátá. Fídíò ló sábà máa ń jẹ́. Wákàtí kan fídíò 480p ń jẹ nǹkan bí ìdajì GB, 720p ń lọ sí 1GB tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì yá, áàpù á dá mú èyí tó mọ́lẹ̀ jù láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Lórí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, Storage and data, ẹ yọ àmì tó wà lára fọ́tò, ohùn, fídíò àti ìwé lábẹ́ When using mobile data. Fún ẹni tó wà nínú gúrúùpù ọjà mẹ́wàá, èyí nìkan lè dá ìdajì dátà padà. Lórí Play Store, ẹ jẹ́ kí update dúró de Wi-Fi. Lórí Google Photos, ẹ pa backup tó ń lo dátà; ẹni tó ń ya àwòrán aṣọ lójoojúmọ́, gbogbo àwòrán náà ló ń gùn lọ sókè lẹ́ẹ̀kejì. Tí àwọn ọmọ bá sì ń gba hotspot lọ́wọ́ yín fún láptọ́ọ̀pù, Windows update kan ṣoṣo lè gbé 2GB mì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹ tẹ *323# ní àárọ̀, ẹ kọ iye dátà tó kù. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní alẹ́. Ẹ fi iye tó lọ wé iye tí fóònù ní òun lò. Ìyàtọ̀ díẹ̀ á wà, kò burú. Tí fóònù bá ní 300MB, tí ilé-iṣẹ́ ní 900MB, tó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ti ní ẹ̀rí, ẹ̀tọ́ yín sì ni kí ẹ jà fún un. Ní ti káàdì tó ń dín kù láìpe èèyàn, ẹ wo bóyá wọ́n ti fi yín sínú orin ìpè tàbí ìròyìn tó ń tún ara rẹ̀ rà. Ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti dá àwọn ìpolówó dúró. Ẹ tún mọ̀ pé tí dátà bá tán tí ẹ ò pa á, íntánẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ káàdì gan-an, ní iye tó ga.

Fóònù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó máà gbọ́ díẹ̀ nínú ìgbì tí wọ́n ń lò níbí. Ẹ wá orúkọ àti nọ́ńbà àwòṣe rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bóyá band 3, 7, 20 àti 28 wà nínú àwọn LTE band rẹ̀, ìyẹn ìgbì 4G tó lè gbọ́. Bí síìmù yín bá ti wà láti ìgbà 3G, ó lè máà gba 4G rárá. Ẹ mú NIN yín lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni ẹ ó gbà. Nínú àwọn fóònù àtijọ́, ihò síìmù kan ṣoṣo ló ń gba 4G, èkejì jẹ́ 2G tàbí 3G. Síìmù tí ẹ fi ń ṣòwò ni kí ẹ fi sí ihò tó dára.

Booster tí ọmọ àbúrò yín sọ, ẹ má rà á. Òfin ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo èyí tí NCC kò fọwọ́ sí, àwọn tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà kò sì ní ìfọwọ́sí náà. Kò tán síbẹ̀: ariwo ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń pa sétí máàsìtì, ó lè ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ojúlé yín jẹ́. Tó bá sì jẹ́ èrò ló kún, kí ni booster fẹ́ ṣe? Ó kàn ń sọ ohùn máàsìtì di ńlá létí fóònù ni, kò lè fi ìjókòó kún inú ọkọ̀.

Gbígbé nọ́ńbà lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn dára ju ìyẹn lọ, àmọ́ ẹ má kánjú. Ó ti ṣeé ṣe ní Nàìjíríà láti oṣù Kẹrin ọdún 2013. Ẹ ó lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tuntun pẹ̀lú NIN yín, ẹ ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 3232 láti orí nọ́ńbà náà, lẹ́yìn náà nọ́ńbà á ṣí. Káàdì àti dátà tó bá kù lórí rẹ̀ á ṣòfò, gbèsè káàdì tí ẹ yá gbọ́dọ̀ ti san, ẹ ò sì ní lè yára padà. Ìfiránṣẹ́ báǹkì lè dúró fún wákàtí díẹ̀ bí nọ́ńbà ṣe ń ṣí, torí náà kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀ ń retí owó ni kí ẹ ṣe é. Ṣáájú gbogbo ìyẹn, ẹ ra síìmù ilé-iṣẹ́ tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ fi dátà kékeré sí i, ẹ lò ó fún ọjọ́ méje nínú ilé yín gan-an. Ẹ wọn dBm rẹ̀ ní yàrá, ẹ sì fi àwòrán kan náà ránṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọ̀kan ọ̀sán àti mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ má máa fi Speedtest ṣeré léraléra o, ẹyọ kan lè jẹ ju 50MB lọ tí 4G bá yá. Bí ó bá dára fún odidi ọ̀sẹ̀ náà, ẹ mọ̀ pé máàsìtì ilé-iṣẹ́ yẹn súnmọ́ yín tàbí èrò rẹ̀ ò pọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bó bá dára lónìí, tí gbogbo àdúgbò bá ṣí lọ síbẹ̀, òun náà á kún. Èmi, tó bá jẹ́ torí ọjà, síìmù méjì ti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fara mọ́ ju ṣíṣí nọ́ńbà lọ: nọ́ńbà àwọn oníbàárà ò yí, dátà sì ń gba orí èyí tó bá ṣí.

Tí owó bá wà, ráútà 4G tí ẹ gbé sí wíńdò tó ga jù nínú ilé, tó ń fi Wi-Fi fún gbogbo yàrá, á yanjú ọ̀rọ̀ ògiri pátápátá. Ẹ wá èyí tó ní ihò fún eríàlì ìta. Ẹ tan Wi-Fi Calling tí fóònù àti ilé-iṣẹ́ yín bá ní in, ìpè náà á gba ibẹ̀. Ráútà kò lè ṣe nǹkan kan nípa èrò alẹ́ o. Èyí tó ń bọ́ lọ́wọ́ máàsìtì pátápátá ni fáíbà, níbi tó bá ti dé, tàbí Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti orí sátẹ́láìtì wá, tó ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Starlink gbọ́dọ̀ rí ojú sánmà láìsí igi tàbí ilé tó dí i, ó sì ń jẹ nǹkan bí 50 sí 75 wáàtì ní gbogbo ìgbà, torí náà ẹ ka ìnvátà mọ́ owó rẹ̀. Fún ẹni tó ń fi àwòrán àdìrẹ ránṣẹ́ nìkan, ó ti pọ̀ jù, àfi tí àwọn ará ilé bá jọ dá a.

Mi ò lè dúró níbí kí n sọ ohun tó ń ṣe yín gan-an látorí lẹ́tà nìkan. Ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà sí ló máa sọ ọ́, òun náà ló sì máa sọ ẹjọ́ yín di ohun tí wọn ò lè gbá dànù. Ẹ pe 300, nọ́ńbà ìránlọ́wọ́ kan náà ni fún gbogbo ilé-iṣẹ́. Tí ẹ bá sọ pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò dára," wọ́n á ní kí ẹ pa fóònù kí ẹ tún tàn án. Ẹ sọ ọ́ báyìí: àdúgbò mi rèé, ojúlé mi rèé, láti ọjọ́ báyìí, -94 ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwòrán ò lọ láti aago méje sí mọ́kànlá alẹ́ fún ọjọ́ méje, ó sì ń lọ ní ìdájí. Ẹni tó bá gbọ́ èyí mọ̀ pé máàsìtì kíkún lẹ̀ ń sọ, ó sì gbọ́dọ̀ gbé e fún àwọn ẹnjiníà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dáhùn àti àkókò. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. NCC ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn níbí. Ní ọdún 2025, wọ́n pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá bàjẹ́ ní ọ̀nà ńlá, kí wọ́n kéde rẹ̀, kí wọ́n kéde ìdádúró tí wọ́n fúnra wọn fẹ́ fi ṣàtúnṣe ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n sì san nǹkan padà fún oníbàárà tí ìbàjẹ́ náà bá ju wákàtí 24 lọ, bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún dátà tí wọ́n ti rà. Èrò alẹ́ kì í wọ inú ìyẹn, àmọ́ máàsìtì tó kú fún ọjọ́ méjì wọ ibẹ̀.

Ẹjọ́ ẹnì kan kì í yá bíi ti ogún ilé. Ẹ gbé ìwé nọ́ńbà yín lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò, kí ilé mẹ́wàá wọn tiwọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ẹ sì jọ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NCC. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ bóyá ẹnì kan ti wá tọrọ ilẹ̀ fún máàsìtì ládùúgbò yín rí tí wọ́n lé e padà, torí ohun àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ máa fi dáhùn nìyẹn.